Alága: bí a ṣe ń gbé King Lear wọ ọ́fíìsì oníṣòwò ilé ní Àbújá

Kí ló dé tí kì í ṣe ọba

Nínú King Lear, tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí 1605 sí 1606, ọba arúgbó kan ní kí wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ òun wá. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ sinmi, ó sì fẹ́ pín ilẹ̀ náà fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹnu sọ ìfẹ́ bàbá rẹ̀ dùn jù ni yóò gba ibi tó lọ́ràá jù. Ẹni tó bá ti wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì tà ní Àbújá rí yóò mọ ìdí tí ọkàn wa fi lọ síbẹ̀: àwòrán lẹ́áòtù fẹ̀ lára ògiri, wọ́n fi pupa kun èyí tí wọ́n ti tà, wọ́n fi àwọ̀ ewé kun èyí tó kù, fọ́tò alága sì wà lókè rẹ̀ nínú agbádá.

Àwa tí a ń ṣe fíìmù yìí kò pọ̀. Kubwa àti Lugbe ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò la ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ la fi ń ya fíìmù. Owó àjọ wa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Wuse ló fi tirẹ̀ kún un tó fi di nǹkan gidi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú irú owó bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ èyí fún, nítorí náà ibi tí iṣẹ́ ti le ni mo máa pẹ́ sí.

Ohun tí a kọ́kọ́ jiyàn lé lórí ni bóyá ká sọ Lear di ọba Yorùbá, ká wá adé àti ìlẹ̀kẹ̀, ká lọ ya á nílé. Ọlá Rótìmí ti ṣe irú rẹ̀, ó sì dára: ó gbé Oedipus, eré Gíríìkì àtijọ́ tí Sophocles kọ, wọ ààfin Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968. Ṣùgbọ́n orí ìtẹ́ ni Oedipus wà nígbà tí wàhálà dé bá a. Lear ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọba Yorùbá kì í fẹ̀yìn tì. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin tí ìlú bá ti kọ̀, igbá ni wọ́n ń gbé fún un, ikú ló sì kàn. Kò sí ẹni tó ń gbé oyè lọ jókòó sílé ọmọ, tó ń retí oúnjẹ. Bí òǹwòran Yorùbá bá rí ọba tó dìde tó ní kí wọ́n gba adé, òun fẹ́ sinmi, ohun tí yóò máa rò títí eré á fi parí ni pé ta ló sà sí i. Alága kọ́ńpìnì tó pé àádọ́rin ọdún tó wá pín ṣíà rẹ̀ fún àwọn ọmọ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. A mọ̀ wọ́n. A máa ń lọ sí ọjọ́ ìbí wọn.

Kì í ṣe àwa la sì kọ́kọ́ gbé irú eré yìí wọ ọ́fíìsì. Kurosawa, ayafíìmù ará Japan, ti kó Hamlet, eré Shakespeare mìíràn, lọ sáàárín àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní 1960, Kaurismäki ará Finland sì tún ṣe tirẹ̀ ní 1987. Kurosawa yìí kan náà ló ya Lear ní 1985, tó pe tirẹ̀ ní Ran, ọkùnrin ló sì fi àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Àwa kò ní láti yí wọn padà. Ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kò sì sí ẹni tó máa bi wá léèrè ìdí tí obìnrin fi jókòó lórí àga ọ̀gá.

Ìwé eré

Lear kò fẹ́ iṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì fẹ́ orúkọ. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ ọba sílẹ̀ fún òun, àti ọgọ́rùn-ún jagunjagun tí yóò máa tẹ̀ lé òun kiri. Ibẹ̀ ni gbogbo eré náà dúró lé, ibẹ̀ náà la sì ti lọ wá ohun tó jọ ọ́ nínú òfin.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ lọ́yà ló la ọ̀nà fún wa. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní CAMA, gbà kí ènìyàn jẹ́ dáírẹ́kítọ̀ títí ayé. Alága wa kọ èyí sínú ìwé kó tó fọwọ́ sí pípín ṣíà, ó sì fọkàn balẹ̀. Àmọ́ òfin kan náà sọ pé wọ́n lè yọ dáírẹ́kítọ̀ títí ayé, ohun yòówù kó wà nínú ìwé ìdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́: kí ìkìlọ̀ ọjọ́ 28 ṣáájú, kí wọ́n pe ìpàdé àwọn tó ni ṣíà, kí ìbò tó ju ìdajì lọ gbà á. Síbẹ̀ òfin fi ohun kan sílẹ̀ fún un: ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé náà.

Nígbà tí lọ́yà wa dé ibi tó gbẹ̀yìn yìí, mo ní kó tún un sọ. Nínú eré Shakespeare, nígbà tí àwọn ọmọ ń dín àwọn ènìyàn rẹ̀ kù, Lear bú jáde pé kí wọ́n má fi ìṣirò wọn ohun tí ènìyàn nílò, pé alágbe tó tòṣì jù pàápàá ní nǹkan kékeré kan tó ju ohun tó nílò lọ. A ti ń wá ibi tí arúgbó oníṣòwò yóò ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní jọ pé orí ìtàgé ló wà. Òfin Nàìjíríà ti tẹ́ àga sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wọ inú àkọsílẹ̀ ìpàdé, akọ̀wé yóò máa tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà bó ṣe ń sunkún.

Ìdajì-ìdajì ni ṣíà wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ méjì àgbà, Àdùkẹ́ àti Àṣàkẹ́; àbíkẹ́yìn kò ní nínú rẹ̀. Ìyẹn náà ṣe wá lóore. Ẹnì kan nínú wọn kò lè dá bàbá yọ. Àfi kí wọ́n pawọ́ pọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti yọ ọ́ tán, ìdajì kò lè borí ìdajì, wọn kò lè fẹnu kò lórí ohunkóhun mọ́, báńkì kò mọ ìwé ta ni kí òun gbà. Shakespeare fi ọkùnrin kan dá ìjà sáàárín wọn. A kò yọ ọkùnrin náà kúrò, a sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ báńkì tó ń yá wọn lówó, ṣùgbọ́n ká má parọ́, ìṣirò ṣíà náà ti tó wọn jà.

Ìran àkọ́kọ́, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fẹnu díje, kò gba wàhálà kankan lọ́wọ́ Yorùbá. Ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún, gbọ̀ngàn, aṣọ ẹbí. Àdùkẹ́ gba máìkì, ó ki bàbá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, onílù ń gbè é. Àṣàkẹ́ gbà á, ó ní gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n òun sọ kò tíì tó. Àwọn méjèèjì ń pè é ní "Dádì". Àbẹ̀kẹ́, àbíkẹ́yìn, ló ń pè é ní "Bàbá". Òun ló ń ṣírò ohun ìkọ́lé fún kọ́ńpìnì náà, ọ̀rọ̀ ẹ́sítéètì tuntun sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: irin 12mm ni wọ́n fi sínú òpó tí àwòrán ti ní kí wọ́n fi 16mm sí. Iye irin lè wà bákan náà bí èèyàn bá kà á, ṣùgbọ́n bí o bá wọn ojú rẹ̀ níbi tí wọ́n gé e, irin 12 kò ju ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún irin 16 lọ. Wọ́n gbé máìkì fún un. Ó ní òun fẹ́ràn bàbá òun bó ṣe yẹ kí ọmọ fẹ́ràn bàbá, àti pé òun kò ní ọ̀rọ̀ tí òun lè fi kún un títí wọ́n á fi tún òpó ṣe. Onílù dákẹ́. Ẹ wo irú ibi tó ti sọ ọ́!

Aláwàdà ọba di dírẹ́bà ará Ìlọrin, tó ń fi Hausa bú ọ̀gá rẹ̀, tó ń fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́. Nínú eré àtijọ́, Aláwàdà kàn pòórá lẹ́yìn ìjì ni, kò sí ẹni tó sọ ibi tó gbà. Tiwa gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Nínú eré Shakespeare, Aláwàdà àti àbíkẹ́yìn kì í pàdé rárá lórí ìtàgé, àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì gbà pé nígbà náà lọ́hùn-ún òṣèré kan ṣoṣo ló ń ṣe méjèèjì. Àǹfààní tí àwa rí níbẹ̀ ni pé a kò ní láti san owó ọkọ̀ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Yàtọ̀ sí ọkùnrin tó dá ìjà sílẹ̀ yẹn, ìtàn Gloucester, ìjòyè ọba, àti àwọn ọmọ rẹ̀ la gé jù nù. Ìdajì eré ni, ó sì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n apá wa kò ká a.

Ọ́fíìsì, iná àti gíníì

Utako ni ọ́fíìsì tí wọ́n yá wa wà. Àjà rẹ̀ kún fún iná LED olówó pọ́ọ́kú, irú èyí tó ń ṣẹ́jú tí ojú ènìyàn kò lè rí ṣùgbọ́n tí kámẹ́rà ń rí. Iná Nàìjíríà ń lọ ní 50 Hz, ìyẹn ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí o bá ya férémù 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan bí wọ́n ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ṣọ́tà rẹ, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí fún férémù kọ̀ọ̀kan, wà ní 1/48, àwọn ìlà dúdú á máa gun ògiri lọ sókè. A ya gbogbo rẹ̀ ní 25, ṣọ́tà ní 1/50, ìlà náà sì lọ. Ó lọ títí wọ́n fi mú iná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kó tó lè mú 50 Hz jáde. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ́ńjìnnì á rọ̀, ìlà á padà wá, ká má tíì sọ ti ariwo. A pa iná àjà, a so iná tiwa mọ́ bátìrì àti ínfátà, jẹnẹrétọ̀ sì lọ sẹ́yìn ilé, ó ń rọ bátìrì nígbà tí a bá ń jẹun.

Ẹ́síì kò ṣeé tàn nítorí ohùn. Oṣù Kọkànlá ni, òjò ti dá, gíláàsì ilé náà kì í ṣí, gbogbo ènìyàn sì wà nínú gíníì. Ẹni tó ń nu òógùn lójú àwọn òṣèré ló ṣiṣẹ́ jù lọ́jọ́ náà.

Gíníì yìí fúnra rẹ̀ tún ni ọ̀tá wa. Àwọ̀ àràbà ni agbádá Alága, wọ́n ti fi sítáàṣì sí i, wọ́n ti lù ú títí ó fi ń dán. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń dún bí bébà. Ní gbogbo ìgbà tí Bàbá bá gbé agbádá rẹ̀ sí èjìká, máìkì tí a fi há a láyà kò gbọ́ ohun mìíràn. (Òṣèré tó ń ṣe Alága, Bàbá lásán la ń pè é. Ó ti bá àwọn eléré alárìnjó rìn nígbà èwe rẹ̀, kò sì tíì gbọ́ pé ènìyàn ń há ẹ̀rọ máyà kí wọ́n tó gbóhùn rẹ̀.) A lè ní kó wọ aṣọ tí kò ní sítáàṣì, ṣùgbọ́n sítáàṣì náà ni Alága. Ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ lè dá dúró láìsí i nínú rẹ̀, òun gan-an là ń ṣe. Ẹni tó ń gba ohùn ló ní ká lo orí: fìlà abetí-ajá ni Bàbá ń dé, a rán máìkì sínú etí kan, okùn rẹ̀ gba ẹ̀yìn ọrùn wọ inú bùbá. Ohùn náà mọ́ gaara. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fíìmù àwọn olóyè, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọgọ́rùn-ún jagunjagun

Nínú eré àtijọ́, ọmọ àgbà gé ọgọ́rùn-ún sí 50, èkejì ní 25 ni òun lè gbà, wọ́n ń gé e lọ títí ẹnì kan fi béèrè pé kí ló nílò ẹyọ kan ṣoṣo fún. Tiwa ni mọ́tò, dírẹ́bà, ẹ̀ṣọ́, alásè àti àwọn ọmọ tó ń gbé báàgì. Àdùkẹ́ ń kà wọ́n lórí kọ̀ǹpútà: owó epo, owó táyà, owó oúnjẹ. "Dádì, mọ́tò mẹ́wàá, ẹ̀yin nìkan?" Kò pariwo, kò yájú. Gbogbo ohun tó kà ló jóòótọ́.

Jíìpù dúdú mẹ́ta la rí yá. A dúró di ọ̀sẹ̀ Kérésì, ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ sí abúlé, tí Àbújá ṣófo débi pé o lè dúró láàárín títì ní Gwarinpa. A jẹ́ kí mẹ́ta náà kọjá, a pààrọ̀ nọ́ńbà wọn, wọ́n tún kọjá láti apá kejì, a tún gbé kámẹ́rà wálẹ̀ kó lè jẹ́ táyà nìkan là ń rí. Nígbà tí a so wọ́n pọ̀, mo kà á, n kò mọ iye rẹ̀ mọ́. Aṣọ ọlọ́pàá kò sí nínú fíìmù wa: Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́ láìgba àṣẹ, n kò sì fẹ́ ṣàlàyé ara mi fún ẹnikẹ́ni ní àárọ̀ Kérésì. Ẹ̀wù dúdú àti awò dúdú ṣe iṣẹ́ náà. Dúróònù náà kò sí. Àwọn aláṣẹ òfurufú àti ọ́fíìsì ètò ààbò ní láti fọwọ́ sí i, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń fojú sí i tó Àbújá. Nígbà tí a bá fẹ́ wo ìlú láti òkè, a gun òkè.

Bí mọ́tò ṣe ń dín kù ni Alága ń kúrò ní àárín ìlú. Orí ọ̀kadà ló parí sí. Níhìn-ín, Àbújá ló bá wa kọ ọ́: láti 2006 ni wọn kò ti jẹ́ kí ọ̀kadà wọ àárín ìlú mọ́. Nígbà tí Alága ní kí ọlọ́kadà gbé òun padà lọ sí Maitama, àdúgbò olówó láàárín ìlú, ọlọ́kadà náà já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní ibi tí òun lè dé nìyẹn. A kò ṣẹ̀dá rẹ̀.

Òjò

Ìjì ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ṣe Lear. Ọba ti jáde kúrò nílé ọmọ rẹ̀, ó wà ní pápá nínú òjò, kò dé fìlà, ó ń bá ààrá sọ̀rọ̀. Oṣù Kìíní nìkan ni Bàbá lè fún wa ní òru púpọ̀, oṣù Kìíní sì ni ọyẹ́ ń jà jù ní Àbújá. Àwọn kan ní ká lo ọyẹ́ náà, eruku ṣáà ni ìjì tiwa. Mo rò ó dáadáa. Eruku máa ń bo agbádá ni, kì í yọ sítáàṣì kúrò. Mo fẹ́ kí a rí agbádá yẹn kí ó rọ̀, kí ó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí a rí bí ọkùnrin náà ti kéré tó nínú rẹ̀. Omi ló kù.

Mpape la ti yà á, lórí òkè. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ lóru yóò rí iná Maitama nísàlẹ̀ bí ẹni pé ó lè nawọ́ mú un. Gbagyi ni olórí àdúgbò náà. A lọ kí i, a gbé obì lọ, a ṣàlàyé pé a fẹ́ rọ òjò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí oko òun.

Èyí ni bí a ṣe rọ òjò. Páìpù PVC ìnṣì kan, a lu ihò kéékèèké sí i pẹ̀lú dírílì 2mm, ihò náà kọjú sókè. Ìyẹn ṣe pàtàkì: bí ihò bá kọjú sísàlẹ̀, omi á máa dà bọ̀ ní okùn-okùn, bó bá kọjú sókè, omi á kọ́kọ́ fò, á fọ́ nínú afẹ́fẹ́, á wá já bọ́ ní ẹ̀kán. Àwọn bíríkìlà bá wa gbé páìpù náà sórí igi pákó tí wọ́n fi ń gun ilé. Pọ́ńpù epo oní-ìnṣì 2 ló ń fà á láti inú táńkà 10,000 lítà. Pọ́ńpù bẹ́ẹ̀ lè tú lítà tó lé ní 500 jáde ní ìṣẹ́jú kan bí kò bá sí ohun tó dí i. Ẹ ṣírò rẹ̀. Táńkà kan kò ní pé ogún ìṣẹ́jú, táńkà míì kò sì ní gun òkè Mpape lóru kan náà.

A wá dín òjò náà kù. Kò sí ẹni tó ní kí ó rọ̀ sórí gbogbo òkè. Ibi tí kámẹ́rà ń wò ló ṣe pàtàkì. A fi fáàfù dín omi kù, a jẹ́ kó rọ̀ sórí ìwọ̀n mítà mẹ́rin sí mẹ́ta péré, a gbé iná méjì sẹ́yìn rẹ̀. Òjò kì í hàn bí iná bá wà níwájú. Láti ẹ̀yìn ni ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ti ń gba ìmọ́lẹ̀. Iná bátìrì ni gbogbo wọn, a sì gbé wọn jìnnà sí omi, nítorí iná àti omi kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi Bàbá dán wò. Fún ìran tó sún mọ́ ojú, a kò tan pọ́ńpù rárá. Àwọn mẹ́ruwà tó ń ta omi ní àdúgbò ló ṣe é: wọ́n ti kẹ̀kẹ́ wọn wá, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kún inú rẹ̀, méjì nínú wọn gun àkàbà, wọ́n ń da omi gba inú garawa tí a ti dá ihò sí. Ọwọ́ wọn dúró ju pọ́ńpù lọ. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìgbà tí Bàbá bá fẹ́ gbé ojú sókè, yóò dín omi kù kó má baà wọ ọ́ nímú. A fi orúkọ wọn sí ìparí fíìmù, wọ́n sì gba owó bí àwọn òṣèré kéékèèké ti gbà á.

A tẹ́ tapólì sílẹ̀ pé ká lè gba omi náà padà. Ó ṣeé gbà padà, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ Mpape wà nínú rẹ̀, ihò 2mm sì di. Aṣọ ànkárá tó ti gbó, ìṣẹ́po mẹ́ta, ló ṣe sẹ́ fún wa.

Bí agbádá ṣe rọ̀ kọjá ohun tí mo rò. Lójijì ni èjìká rẹ̀ wó. Bàbá mọ̀ ọ́n lára, ó dúró nínú gbólóhùn, ó wo apá aṣọ náà, ó gbìyànjú láti gbé e sí èjìká bó ti máa ń ṣe ní ọ́fíìsì, kò dúró, ó tún gbé e, kò dúró. Kò sí nínú ìwé eré. Mo kàn ń gbàdúrà kí mẹ́ruwà má dẹ́kun. Nígbà tí a ní ó tó, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, wọ́n gbé kunu gbígbóná tó kún fún ata-ilẹ̀ wá. Nílọ́ọ̀nù ti wà lábẹ́ bùbá rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n. Olùrànlọ́wọ́ mi ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà." Ó ní, "Ta ló ń faradà? Ṣé ẹ gbà á, àbí kí n tún un ṣe?"

Níwọ̀n bí Alága kò ti dé fìlà nínú ìran yìí, máìkì kò ní ilé. Ohùn tí a gbà kò wúlò rárá, pọ́ńpù ló kún inú rẹ̀. A ó gbà á lẹ́yìn.

Bárò

Ìyá aláṣọ ka ìparí ìwé eré, ó pè mí. "Ẹ ò ní fi owó mi sunkún ọmọ." Nínú eré Shakespeare, wọ́n pa àbíkẹ́yìn, bàbá sì gbé òkú rẹ̀ wọlé. Kì í ṣe Ìyá ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ní 1681, Nahum Tate tún eré náà kọ, ó jẹ́ kí ọmọ yè, kí bàbá gba ìjọba padà, irú èyí sì ni wọ́n ń ṣe lórí ìtàgé Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún tó lé ní 150, títí di 1838. Mo sọ ìyẹn fún Ìyá. Ó ní ọlọ́gbọ́n ni àwọn ará ìgbà náà.

N kò lè gbà fún un, mo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀: òpó tí Àbẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ wó lé ẹnì kan. Bí ó bá wó lé àwọn òṣìṣẹ́ tí a kò mọ orúkọ wọn, Alága yóò san owó, yóò sùn. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni pé a kò ní rí ikú náà. Àbẹ̀kẹ́ wọ inú ilé tí wọn kò tíì parí láti wá bàbá rẹ̀, kámẹ́rà sì dúró síta.

Ilé náà wó nínú ohùn. A ju àpò yanrìn láti òkè àkàbà, a ń fọ́ búlọ́ọ̀kù, a ń wọ́ páànù. Eruku tó tú jáde láti ẹnu ọ̀nà jẹ́ láfún. Ẹnì kan mú sìmẹ́ńtì wá, mo ní kó gbé e padà, ó ń jó ojú àti àyà. Láfún náà sì ní òfin tirẹ̀, iyẹ̀fun tó bá gbòde nínú afẹ́fẹ́ lè gbaná, nítorí náà kò sí sìgá, kò sí jẹnẹrétọ̀ nítòsí.

Àwọn òṣèré Lear àgbà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí ènìyàn nílò fún ipa náà ni Cordelia, àbíkẹ́yìn Lear, tí kò wúwo. Bàbá kò lè gbé ọmọbìnrin yẹn, n kò sì ní jẹ́ kó gbìyànjú. Bárò àwọn bíríkìlà ló jáde sí wa lójú, ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò fẹ́ kí wọ́n fi bárò gbé òun bí òkú, ìyá rẹ̀ pàápàá pè láti Ọ̀fà pé kò ṣeé ṣe. Mo gbà pẹ̀lú wọn. A kó yanrìn sínú àpò, ìwọ̀n rẹ̀ tó ti ènìyàn kí ìtì rẹ̀ lè le lóòótọ́, a fi aṣọ bò ó, a gbé akoto aláwọ̀ òféfèé tí Àbẹ̀kẹ́ ń dé síbi iṣẹ́ lé e. Bàbá ti bárò náà gun òkè, táyà rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ òjò tí àwa fúnra wa rọ̀, ó fà á yọ, ó tún ń tì í. Alùfáà gbàdúrà ṣáájú, àáfà gbàdúrà lẹ́yìn.

Ohun tó kù

A ti so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìran gbọ̀ngàn ọjọ́ ìbí ṣì gùn jù, onílù náà dára débi pé ọwọ́ mi kò lọ láti gé e. Ìpàdé tí wọ́n ti yọ Alága kò ní orin kankan, ìró bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà akọ̀wé nìkan ni, mi ò sì ní fi nǹkan kan kún un.

Ohùn ìran òjò la máa gbà ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ní yàrá kan ní Kubwa tí a ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri rẹ̀. Bàbá ní òun kò lè jókòó sọ ọ́. A ti gbé àga kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, àkọlé Hausa sí ìsàlẹ̀, kí àwọn ará Mpape tó bá wa ṣe é lè mọ ohun tí arúgbó náà ń bá òjò sọ. Kí a tó fi hàn ní gbangba, ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, tí òfin 1993 dá sílẹ̀. Àbújá náà ni wọ́n wà, owó ọkọ̀ kò ní pọ̀.

Ìyá aláṣọ ti wo ohun tó wà nílẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí a má ṣe fi ọjọ́ ìṣàfihàn sí àárín oṣù, kí a fi sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá gba owó oṣù.